Ẹni Tí A Ṣọ̀fọ̀ Rẹ̀ Láàyè

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ lórí atẹ, mò ń yọ òkúta sọ́tọ̀, mò ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, nígbà tí ìyá mi bi mí pé opó ta ni òun ń ṣe.

Mo gbójú sókè. Orí ẹní ló jókòó sí nínú yàrá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ opó wà lára rẹ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí bàbá mi kú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin mùsùlùmí fi ń ṣe opó ọkọ rẹ̀ nínú ilé, a kò sì tíì lo ìdajì rẹ̀. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da ọkàn rẹ̀ rú.

“Opó bàbá wa ni, Màmá.”

“Orí mi ò dà rú. Mo mọ ẹni tí ẹ sin.” Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò sọ ohun kan tó le. “Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n so èmi àti bàbá yín pọ̀, ṣé ọkọ mi ti kú?”

N kò mọ ìgbà tí mo da ẹ̀wà tí mo ti ṣà pọ̀ mọ́ èyí tí n kò tíì ṣà.

Ọkọ tó ń wí kì í ṣe bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ ìyá mi. Èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Orí ọkọ̀ ojú omi ló máa ń dúró sí, nítorí ẹni tó ń wa kíréènì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kì í rí inú ọkọ̀ láti ibi tó wà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni yóò sì máa fi ọwọ́ júwe fún un: gbé e, sọ̀ ọ́, dúró. Ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn dé ibi kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Òun ló mú bàbá mi wọ iṣẹ́ náà, òun ló sì kọ́ ọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun. Òun àti ìyá mi kò tíì bímọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kó wọn kọjá ní Ìjọra, ìyá mi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì rí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú níwájú àyà, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi kọjá. Lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ èbúté, ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kí ẹrù wà bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹni tó ń júwe yóò fi padà.

Kò padà. Ọmọ ogun kan tí wọ́n jọ lọ ló fi igi rìn wọ àdúgbò wa, tó ní ojú òun báyìí ló ṣubú létí odò kan. Àwọn àgbà ilé kò rí òkú, wọn kò rí aṣọ. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì ní kí àlùfáà kírun sí i lára. Ìyá mi ṣe opó rẹ̀ pé. Kí ààwẹ̀ tó wọlé lọ́dún náà, bàbá mi ṣú u lópó. Wọ́n ní obìnrin tó kéré báyẹn kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ nínú ilé tí kò sí ọkọ. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi ni àbíkẹ́yìn.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onírin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà ṣì wà nínú yàrá títí di òní, n kò sì rí i kí bàbá mi sùn lé e rí. Orí ẹní ló ń sùn, ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, títí tó fi darúgbó tí eegun ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bi í léèrè, ó ní ilẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọwọ́ èbúté bá wa ṣeré. Tí a bá ń gbé omi wọlé, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa júwe fún wa, gbé e, sọ̀ ọ́, dúró, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà nù. Ọwọ́ tí à ń dì mú níwájú àyà nìkan ni kì í ṣe lójú ìyá mi.

“Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí lẹ ń béèrè, Màmá?”

“Ṣé ojú bàbá yín ni kí n ti béèrè? Ọkùnrin náà ò fìyà jẹ mí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń kí mi pé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ọkọ yín. Mò ń dáhùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mò ń dáhùn fún, kí n tó bọ́ aṣọ yìí.”

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé gírámà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Liverpool Road, ní Àpápá. Mò ń ka ẹrù tó wọlé, mò ń ka èyí tó jáde, tí kò bá dọ́gba, mo máa ń tún un kà. Mo tún ẹ̀wà náà ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì sọ fún ìyá mi pé màá wádìí.

Ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ológun ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bi mí ní nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń jẹ́ nínú iṣẹ́ ológun. N kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí tábìlì ní bí ó bá kú, ìjọba á ti sọ fún wa, bí kò bá sì kú, á ti wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó tilẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé àwọn ológun àtijọ́ kan ń ṣe ọdẹ fún àwọn ilé ńlá ní Àpápá GRA, pé wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ igi kan ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọṣẹ́. Mo lọ bá wọn. Arúgbó ni gbogbo wọn, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù tó fẹ̀ jù wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe rí mi ni ọ̀kan pariwo pé, “Ẹ yàgò, ìyàwó mi dé!”

“Ìyàwó wo?” ni ìkejì rẹ̀ fèsì. “Ìwọ tí o ò léyín. Kí lo fẹ́ fi jẹ ẹran tó máa sè fún ọ?”

“Màá gbé e mì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní àga. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ṣubú, tí mo sì béèrè bóyá ogun lè kó o láàyè, ẹ̀rín náà tán. Èyí tí kò léyín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣubú létí odò yẹn ló kú. Wọ́n kó àwa kan.” Ó dárúkọ ìlú tí wọ́n kó wọn lọ fún mi, ó ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tì wọ́n mọ́.

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bàbá?”

“Kò pẹ́ tí mo fi sá. Mi ò lè sọ pé mo mọ ẹni yín. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wo ojú ẹnikẹ́ni.” Ó ń fi àtàǹpàkò pa bọ́tìnnì àyà rẹ̀. “Madam, ìwọ yìí lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Nígbà tí mo dé, kò sẹ́ni tó ní kí lojú mi rí. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi jẹ́ kí wọ́n mú mi.”

Nígbà tí mo dìde, ó ní tí mo bá gbọ́ ohun kan, kí n wá sọ fún òun.

Obìnrin aránṣọ kan wà nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, a ti jọ ń gbé tipẹ́. Mo sọ orúkọ ìlú náà fún un. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Sister, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi, ibẹ̀ ni. Àwọn ará ìlú yẹn kún Ajégúnlẹ̀ níbí. Wọ́n máa ń ṣe mítìn lọ́jọ́ Sunday.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé àwọn Ìgbò kì í gbé ìlú wọn jù sílẹ̀. Ibi tí ẹni mẹ́wàá bá wà láti ìlú kan, mítìn wà níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ orin wọn kọjá lójú fèrèsé wa. N kò ronú lẹ́ẹ̀kan pé àwọn tó ń kọrin náà lè mọ ohun tí ilé wa kò mọ̀.

Ó mú mi lọ. Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni wọ́n jókòó sí, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ tiwọn kí wọ́n tó fún mi láyè. Mo sọ ohun tí mo bá wá, aránṣọ náà sì ń túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọmọ ogun ìjọba. Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tì í mọ́ ilé-ìwé ìlú wọn.

Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú fi Yorùbá dá mi lóhùn láìdúró de aránṣọ.

“Madam, ẹnì kan lẹ̀ ń wá. Na one. Ṣé kí n ka ti ilé wa fún yín?” Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ sókè láti kà á, ó sì tún sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. “Bàbá mi lọ ọjà, wọ́n ju bọ́ǹbù sọ́jà. Ta ni mo máa lọ bi? Ṣé ìwọ ni kí n bi?”

Mo kúnlẹ̀, nítorí ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, n kò sì mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìyá mi ló rán mi. Ó ń ṣe opó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó ṣú u lópó.”

Nígbà tí aránṣọ túmọ̀ ìyẹn, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wo ara wọn lójú. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín wọn dìde. Ó tẹ̀, ó sì fi àga ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ kó dìde ńlẹ̀,” ló wí fún ọkùnrin náà, ní Yorùbá, bóyá kí èmi náà lè gbọ́. “Obìnrin tó ń wá ọkọ ẹ̀ kọ́ ló ju bọ́ǹbù.” Ó yíjú sí mi. “Ọmọ mi, tí mítìn bá tán, tẹ̀ lé mi.”

Yàrá kan ló ń gbé, òpópónà méjì péré sí ilé wa. Ó fún mi lómi kí ó tó jókòó. Yorùbá rẹ̀ já gaara, ti Ajégúnlẹ̀ ni, tó máa ń yà bọ́ sínú Píjìn tó bá yá.

“Èmi kéré nígbà yẹn,” ló bẹ̀rẹ̀. “Ìyá mi ló ń se ẹ̀gẹ́ fún àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Èmi ni mò ń fa omi. Wọ́n pọ̀, Haúsá, Yorùbá, oríṣiríṣi. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń jẹ́ kó jókòó ti kànga, wọ́n á so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ igi. Kànga yẹn ní òkúta nínú. Tí mo bá ju garawa sísàlẹ̀, á gbá òkúta, omi á dà. Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ Ìgbò, èmi ò gbọ́ Yorùbá. Ó wá dìde lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ ṣe báyìí fún mi.”

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dìde dúró. Ó na ìka kan sísàlẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó na ìka náà sókè, ó tún ń yí i.

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ èbúté fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ ọ́ fún àwọn ọdẹ, n kò sọ ọ́ fún aránṣọ, n kò sọ ọ́ nínú mítìn. Mo ń wo ọwọ́ ìyá àgbàlagbà náà, mo sì ń rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Garawa mi ò gbá òkúta mọ́,” ló wí. “Gbogbo àwa ọmọdé la kọ́ ọ. A fi ń ṣeré. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ tì wọ́n mọ́lé, á wo kànga, á wá ṣe báyìí.”

Ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú níwájú àyà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò sì lè dá a dúró. Ó jẹ́ kí n sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ láyé òun ni Àpápá, nítorí ọkùnrin náà kì í yé sọ ọ́, á sọ ọ́, á fi ọwọ́ ya ọkọ̀ ńlá sínú afẹ́fẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun, tí ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn wá sí Èkó, òun ló ní kí wọ́n wá ilé sí ìtòsí ibẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọkọ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Mo nu ojú mi. Mo bi í ní ohun tí ìyá mi rán mi. “Mama, ìgbà wo lẹ rí wọn mọ láàyè?”

“Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dé ìgbà kan tí kò jẹun lọ́sàn-án mọ́. Ṣé o mọ bí ebi ṣe rí nígbà yẹn? Ọmọdé ń kú. Ẹni kan wá ń gbé oúnjẹ tì! Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ wọn ní agídí ló ń ṣe, wọ́n nà án. Ìyá mi ló bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi ti gbé Kánò rí, ó ní ẹ̀sìn ẹ̀ ni, ó ń gba ààwẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí oòrùn bá ti wọ̀, èmi ni mò ń gbé omi lọ bá a. Á fọwọ́ kan orí mi kó tó mu ún.”

“Ààwẹ̀ ìgbà wo ni, Mama?”

“Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan tó tán tí Kérésì dé. Kérésì kejì ogun. Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo mú àgbálùmọ̀ lọ fún un lọ́jọ́ Kérésì. Ó pín in sí méjì, ó fún mi ní ìdajì.”

Nínú ilé wa, ìtàn ọdún yẹn kì í ṣe àjèjì. Òun ni ọdún tí Ìtúnu àti Kérésì bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ inú ilé jọ dáná pọ̀, tí wọ́n sì jọ sin ìyàwó tuntun wọ ààwẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ. Ìyá mi ni ìyàwó tuntun náà. Mo tún un kà nínú orí mi, mo tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò yí padà. Ìyàwó bàbá mi ni ìyá mi ní gbogbo ààwẹ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀bá kànga, ó ń gba ààwẹ̀ kan náà.

“Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kú,” ni ìyá àgbàlagbà náà wí. “Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú. Haúsá kan lára wọn ló wẹ̀ ẹ́, ló gbàdúrà sí i. Ẹ̀yìn ilé-ìwé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Wọ́n ti gé igi yẹn, wọ́n ti kọ́ kíláàsì síbẹ̀. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fà á.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó júwe fún mi.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù kí n tó délé. Òun ni àkọ́bí, Ìlọrin ló ń gbé. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì ní, “Má sọ fún wọn. Sọ pé ojú ogun ni wọ́n kú sí. Kí lo fẹ́ kí Màmá fi èyí ṣe ní ọjọ́ orí wọn?”

“Wọ́n ní kí n wádìí.”

“O ti wádìí. Ìyẹn ti tó. Bàbá wa ńkọ́? Wọn ò tíì ju oṣù méjì lọ nílẹ̀, o fẹ́ lọ sọ fún ìyàwó wọn pé ìyàwó ẹlòmíràn ni?”

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. N kò mọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá mi ni mo mọ̀. Òun ló ń gbé mi kọjá omi nígbà tí àgbàrá bá gba òpópónà wa. Mo ronú kan ẹní rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹní tí a ká sẹ́yìn ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí a sin ín, tí kò sẹ́ni tó lè gbé e jù nù. Bóyá òun náà ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ìyá mi láti ìgbà náà wá, tí kò sì rí ẹni tó máa rán níṣẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́.

Ìyá mi kírun tán, ó ní, “O ti dé. Jókòó. Mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ pé o ti gbọ́.”

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo rò pé màá sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ. Mo la ẹnu, n kò rí i sọ.

“Wọn ò kú létí odò, Màmá. Ogun kó wọn ni.”

Tẹ̀súbáà rẹ̀ ń lọ.

“Wọ́n gba ààwẹ̀ níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́.”

“Ààwẹ̀ wo?”

“Èyí tí Ìtúnu rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésì.”

Tẹ̀súbáà dúró. Ó ń wo ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹní bàbá mi máa ń wà.

“Sààrì ààwẹ̀ yẹn,” ló wí, “mò ń sè é fún bàbá yín.” Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ìgbà wo ló wá kú?”

“Ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó tẹ̀ lé e.”

“Mo ti lóyún ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà yẹn.” Kò sunkún. Ó ń na etí aṣọ opó rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. “Ó wà láàyè, mo ṣe opó rẹ̀. Ó wá kú tán, mò ń jó ijó abiyamọ.”

Mo sọ ìyókù fún un, kànga, ọwọ́, àgbálùmọ̀, ẹni tó gbàdúrà sí i. Nígbà tí mo ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe ọwọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó bo ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n ṣe é mọ́.

“Bàbá wa ńkọ́, Màmá?”

“Màá ṣe ti bàbá yín parí. Mi ò ní dín ọjọ́ kan kù níbẹ̀. Ó tọ́ sí i. Tí mo bá parí ẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀.”

“Àlùfáà ò ní gbà, Màmá. Kò sí irú ẹ̀.”

“Àlùfáà ló ní kí n ṣe é nígbà tó wà láàyè.”

Iná ti lọ ní àdúgbò, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń kùn lójúde. Ó tún bi mí pé, ta ló ń fún un lómi tó bá fẹ́ ṣínu. Mo ní ọmọbìnrin kan ni. Ó bi mí bóyá ọmọbìnrin náà ṣì wà láyé. Mo ní ó wà, òpópónà kejì sí wa níbí ló ń gbé, ó ti darúgbó.

Ìyá mi wo ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé aṣọ opó ọrùn òun kò lè jẹ́ kí òun jáde lọ bá a.

“Pọn omi tútù sílẹ̀,” ló wí fún mi. “Tí ilẹ̀ bá mọ́, lọ pè é wá. Má sọ pé ìyá rẹ ló ń pè é o. Sọ fún un pé ìyàwó ọkùnrin tó ń fún lómi ló ní kó wá.”